Bàbá, Èmi Ni Mo Mú Jímọ̀

Bàbá mi, ẹni tí mi ò yéé pè,

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n mi ò rí ẹlòmíràn tí mo lè sọ ọ́ fún. Ràímì ti kú. Ràímì ilé Òkè, ọmọ ọ̀rẹ́ yín, tí ẹ kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ pẹ̀lú èmi àti Jímọ̀. Jímọ̀ àbúrò mi ló ṣá a. Ojú mi ló ṣe.

Láti ìgbà tí ìjọba ti gba ilẹ̀ wa kọ́ ilé Fẹ́sítàkì, ilẹ̀ díẹ̀ tó ṣẹ́kù létí omi ni ilé Òkè àti ilé tiwa ń jà sí. Ẹ mọ ìjà náà. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń gbé àga yín kọjá sọ́dọ̀ wọn lọ́sàn-án, tí ẹ ó fọ ẹsẹ̀ kí ẹ tó wọlé wọn bíi pé mọ́ṣáláṣí ni. Lẹ́yìn tí ẹ lọ, kò sẹ́ni tó kọjá mọ́. Jímọ̀ ránṣẹ́ pè mí lẹ́ẹ̀mẹta pé kí n wá bá àwọn ẹbí sọ̀rọ̀. Mo ní iṣẹ́ ọlọ́pàá ò jẹ́ kí n ráyè. Irọ́ ni, Bàbá. Ẹ̀rù wọn ló bà mí.

Nígbà tó yá, káńsù tuntun ní àwọn máa pín ilẹ̀ náà sí méjì. Akọ̀wé káńsù ní kí ọ̀gá wa ní tẹ́ṣàn fún àwọn tó ń wọnlẹ̀ ní ọlọ́pàá méjì. Ọ̀gá mú mi torí pé ọmọ àdúgbò ni mí. Kí ló dé tí mi ò sọ pé ara mi ò yá?

Òpó ààlà kẹta ni wọ́n ń rì nígbà tí Jímọ̀ dé tòun ti àdá. Ó ní orí sàréè yín ni wọ́n fẹ́ rì í sí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Sàréè yín jìnnà síbẹ̀. Ràímì, tó wá ṣojú ilé Òkè níbẹ̀, dúró níwájú rẹ̀, kò mú nǹkan kan lọ́wọ́.

“Jímọ̀, jẹ́ ká jọ lọ wò ó.”

Jímọ̀ ṣá a lọ́rùn. Mo sáré, mi ò tètè dé. Èmi ni mo gba àdá, èmi ni mo fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Ó ń wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. “Bọ̀dá mi, ṣé kò ní kú?”

Ọjọ́ mẹ́rin ni Ràímì lò ní ọsibítù kó tó kú.

Mo ti kọ sítétímẹ́ǹtì mi bí mo ṣe rí i gan-an. Àbúrò yín wá bá mi ní tẹ́ṣàn. “Ya ìwé yẹn! Sọ pé Ràímì ló kọ́kọ́ yọ ọ̀bẹ. Wọ́n máa yẹgi fún àbúrò ẹ o!” Mo ní mi ò lè ṣe é. Nígbà tí mo délé, Màmá ò tilẹ̀ pariwo. “Ọmọ méjì ni mo bí. Ṣé ìwọ lo fẹ́ sọ wọ́n di ẹyọ kan?” Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi síta. Ṣé ẹ̀yin ì bá ya ìwé náà, Bàbá?

Lánàá, mo bọ́ yúnífọ́ọ̀mù, mo lọ sílé Òkè. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Ìyá Ràímì, mo ń retí èébú. Ó wò mí títí.

“Ṣé o ti jẹun?”

Mi ò lè gbé ojú mi kúrò nílẹ̀.

Ọ̀la ni kóòtù. Màá di Kùránì mú, màá wo Jímọ̀ lójú, màá sọ ohun tí mo rí. Mi ò mọ ohun tí yóò kù lára mi lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí Jímọ̀ bá ṣáájú mi dé ọ̀dọ̀ yín, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá a wí. Ẹ fi í sí ẹ̀gbẹ́ yín kan, kí ẹ fi Ràímì sí ìkejì.

Èmi tí mo fẹ́ràn yín, tí mi ò sì mọ ẹni tí mo tún lè pè,
Àkọ́bí yín.