Kí Faki Dúró fún Mi Níbi Yìgì Zuwena

Ìyá Zuwena,

Ara mi le, má fòyà. Ó pé oṣù mẹ́rin báyìí tí mo ti fọwọ́ kan oògùn olóró gbẹ̀yìn. Mò ń sùn dáadáa, àfi pé àyà mi máa ń já lóru, tí n kò sì ní lè mí dáadáa. Òfin ilé ìtọ́jú yìí ni pé ẹni tí ẹ̀rù bá bà gbọ́dọ̀ jí ẹnì kejì rẹ̀, kí wọ́n jọ máa gbá àgbàlá títí ẹ̀rù náà yóò fi lọ. Lóru àná, Shaame tí a jọ wà ní yàrá kan ní, "Bàbá, ẹ rọra gbá a o! Àbí kànga lẹ fẹ́ gbẹ́ ni?" Mo rẹ́rìn-ín, nítorí ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín.

Ní ti yìgì Zuwena, jẹ́ kí àbúrò mi Faki dúró fún mi gẹ́gẹ́ bíi bàbá ìyàwó níwájú lèmọ́mù. Kó tètè dé o, kó má gbàgbé káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀. Èmi kò ní lè wá, ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí erékùṣù wa ní Pemba máa ń mì jù fún àgbàlagbà bíi tèmi. Àti pé ta ni yóò bá mi gbálẹ̀ lóru nílé? Ó yẹ kí ìwọ náà sùn.

Bá mi kí Zuwena. Bá mi kí ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú, ẹni tí n kò tíì rí rí.

Èmi ni,
Makame