Aṣọ Mi Ló Wà Nínú Orin Yín

Bàbá Ọpẹ́, ọkọ mi, ọdún márùn-ún pé lónìí. Oṣù kẹwàá ọdún 1993 lẹ fi wá sílẹ̀ ní Hyattsville, ní ìlú òyìnbó níbí.

Ọpẹ́ ti di nọ́ọ̀sì. Joel ọmọ wa ti kó lọ sí Laurel, ó ti níyàwó. Fèrè sasofóònù yín wà nínú àpótí rẹ̀, mò ń nù ún. Èmi náà ti mọ̀wé! Ọdún méjì ni mo fi lọ sí kíláàsì àwọn àgbà ní láíbìrì, lẹ́yìn iṣẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kà ni ìwé pélébé tó wà nínú páálí àwo orin jáàsì tí ẹ ṣe gbẹ̀yìn.

Mi ò fẹ́ràn àwo yẹn rí. Ta ni kò mọ̀ pé inú àwòrán tí Stephanie, ayàwòrán ọ̀rẹ́ yín, kùn lẹ ti rí orin náà? Àwòrán aláró tí kò lójú, tí kò lẹ́sẹ̀. Ìyá Túndùn sọ fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì pé, “Ìyá Ọpẹ́, ẹ tètè lọ kọ́ ọ̀dà kíkùn o.” Mo fi ẹ̀rín bo ìbínú mi. Ẹ máa ń jókòó síwájú àwòrán tí obìnrin yẹn kùn, ẹ ó máa wò ó títí. Èmi tí mo gbé oúnjẹ dúró, ẹ ò wò mí bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí ẹ kú, mo fi àwo náà pamọ́. Mi ò jẹ́ kí ọmọ kankan ka ìwé inú rẹ̀ fún mi.

Oṣù tó kọjá ni mo kà á fúnra mi, mò ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Stephanie ló kọ ọ́. Ó ní àdìrẹ àtijọ́ kan lòun ń wò tí òun fi kun gbogbo àwòrán náà. Ó ní ẹ̀yin lẹ gbé e wá fún òun, pé ti ìyàwó yín ni, ẹ ò sì jẹ́ kí òun fọ̀ ọ́, kí òórùn ara ìyàwó yín má baà lọ.

Àdìrẹ tí ìyá mi fún mi! Èyí tí mo wá títí, tí mo tìtorí rẹ̀ bá Felicia aládùúgbò wa jà ní yàrá ìfọṣọ ìsàlẹ̀ ilé, tí mo ní ó jí i!

Mo sunkún. Lẹ́yìn náà, mo tún jowú. Aṣọ náà máa ń wà lára mi lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀. Kí ló dé tó fi ní láti gba ọwọ́ obìnrin mìíràn kọjá kí ẹ tó rí i?

Mo pe Stephanie, mo gba aṣọ mi. Òórùn ọ̀dà ló ń rùn báyìí. Mo ró o bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ yìí, mo sì fi àwo yín sórí ẹ̀rọ, mo gbọ́ ọ dópin fún ìgbà àkọ́kọ́.

Àárò yín ń sọ mí. Mo ṣì fẹ́ràn yín, Akínlọ́lá mi. Mo dúró síwájú fọ́tò yín báyìí, àdìrẹ náà wà nídìí mi. Ẹ wò mí.

Ìyá Ọpẹ́