Ìdájọ́ Tí Kò Lè Sọdá Odò Chu

Ilé Kalmurza,
Abúlé Ak-Terek,
Létí Odò Chu,
Kyrgyzstan.
Ọjọ́ Kẹtàlélógún, Oṣù Kẹwàá, 2023.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Gbé Ìdájọ́ Ilẹ̀ Òkèèrè Yẹ̀wò,
Kara-Suat,
Kazakhstan.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ẸBẸ̀ KÍ Ẹ FÀṢẸ SÍ ÌDÁJỌ́ LÓRÍ ABO ẸṢIN KALMURZA KÍ Ọ̀BẸ TÓ DÉ Ọ̀DỌ̀ RẸ̀

Ọmọ-ọmọ Bàbá Kalmurza ni mí. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ̀wé yìí, torí pé òkèèrè ni mo ti kàwé. Wọ́n gbà pé ẹni tó bá ti rìn jìnnà yóò mọ bí ìwé ṣe ń rìn.

1. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí odò Chu fà, abo ẹṣin Bàbá, Jeeren, rí akọ ẹṣin Ọ̀gbẹ́ni Otegen ní òdìkejì, nílẹ̀ yín, ó sì sọdá. Nígbà tí Bàbá lọ bèèrè rẹ̀, èsì tí Ọ̀gbẹ́ni Otegen fún wọn ni pé, "Bàbá, àlejò mi ni. Ṣé Kazakh a máa lé àlejò ni?" Àlejò náà kò wálé mọ́.

2. Kóòtù agbègbè wa gbọ́ ẹjọ́ náà. Adájọ́ wo fọ́tò àmì ìdílé wa tí a fi iná sun sí itan ẹṣin, ó ní kí Ọ̀gbẹ́ni Otegen dá a padà. Ọ̀gbẹ́ni Otegen wà níbẹ̀. Akọ̀wé kóòtù tilẹ̀ kọ igbe rẹ̀ sílẹ̀: "Adájọ́, ẹ bọ́ bàtà yín, kẹ́ ẹ wọ́dò, kẹ́ ẹ wá mú un fúnra yín!"

3. Lẹ́tà yín sọ pé ẹ kò lè fàṣẹ sí ìdájọ́ náà, nítorí kò sí ẹ̀rí pé a fi ìwé ìpẹ̀jọ́ lé e lọ́wọ́. Ibi tó yẹ kó buwọ́ lù ṣófo. Òótọ́ ni. Akódà kóòtù wa gbé ìwé náà dé ilé Ọ̀gbẹ́ni Otegen. Wọ́n tẹ́ aṣọ oúnjẹ, wọ́n bu búrẹ́dì, wọ́n da tíì. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í dárúkọ ẹjọ́ ká tó jẹun tán. Nígbà tí wọ́n sì jẹun tán, bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. Akódà fi ìwé sábẹ́ abọ́ tíì, ó dúpẹ́, ó lọ. Nígbà tí Bàbá bi í, ó ní, "Bàbá, búrẹ́dì ọkùnrin náà ṣì wà lẹ́nu mi. Kí ni kí n wí?"

4. Ohun tó yé wa nínú òfin yín ni pé ẹni tí a kò pè kò lè wá. Ọ̀gbẹ́ni Otegen wá ṣá. Bóyá òórùn ẹjọ́ ló fà á.

5. Ẹṣin náà wọ orílẹ̀-èdè yín láìní ìwé kankan, ẹ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ìdájọ́ gba ẹnubodè wọlé tòun ti òǹtẹ̀, ẹ ní ìwé rẹ̀ kò pé. A kò bínú. À bá ti so ó mọ́ ẹṣin lọ́rùn ni.

Ọ̀gá mi, Bàbá ti pé ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Wàrà inú ìgò ni wọ́n fi tọ́ Jeeren nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Orúnkún wọn ti le, Jeeren nìkan ṣoṣo ló ń dúró jẹ́ẹ́ títí wọ́n á fi gùn ún. Ní báyìí, etí odò ni wọ́n ń jókòó sí, wọ́n ń súfèé. Nígbà míì, Jeeren máa ń dáhùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ọ̀gbẹ́ni Otegen ké láti òdìkejì pé, "Bàbá, ẹ má ṣèyọnu! Yìnyín ń bọ̀, ẹran ẹṣin ìgbà òtútù ń bọ̀, màá fi ìpín tiyín ránṣẹ́!" Ó ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ti so Jeeren lọ́tọ̀, ó ń bọ́ ọ sanra. A kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹṣin tí a fẹ́ gùn.

Nítorí náà, a bẹ̀ yín kí ẹ gba igbe Ọ̀gbẹ́ni Otegen ní kóòtù gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ó gbọ́ ìpè. Bí ìyẹn kò bá tó, ẹ rán akódà tiyín, ẹni tó ti jẹun yó nílé. Kí ẹ sì pàṣẹ pé kí ọ̀bẹ má kan Jeeren títí ẹ ó fi pinnu.

Lẹ́tà yín sọ pé ó di oṣù Kẹta, lẹ́yìn ìgbà òtútù, kí ẹ tó tún jókòó. Bí ẹ bá dá wa láre nígbà náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín bóyá ìjánu ni kí Bàbá mú wá, tàbí ìkòkò.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Meerim Kalmurzayeva,
Ọmọ-ọmọ olùpẹ̀jọ́ àti aṣojú rẹ̀.