Ìtọ̀ Tí Mo Pè Ní Nǹkan Oṣù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Ó ti tó oṣù mẹ́ta báyìí tí mo ti ń parọ́ fún ọkọ mi, ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ló sì fà á.

Agbo ilé ọkọ mi ní Gàmbàrí, nílùú Ìlọrin níbí, ni à ń gbé. Ọmọ mẹ́rin ni mo ti bí. Látìgbà tí mo ti bí ìkẹrin, tí mo bá wúkọ́, ìtọ̀ á já. Tí mo bá sín, ó ti já nìyẹn. Ẹ̀rín ńkọ́... mi ò lè rẹ́rìn-ín mọ́ láìfi ẹsẹ̀ kọ́ra. Mò ń lo páàdì lójoojúmọ́, mo tún dín omi mímu kù, mo rò pé ọgbọ́n ni mò ń dá.

Áfáà ni ọkọ mi, òun ló ń ṣíwájú gbogbo ilé kírun Màgàríbì. Ní ọjọ́ kan, bí mo ṣe tẹ̀ sí rúkúù báyìí, ó já. Àlùwàlá ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n ojú tì mí láti jáde láàárín àwọn obìnrin, mo bá wọn kí i parí. Ọkàn mi ò balẹ̀ látọjọ́ náà. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé mò ń ṣe nǹkan oṣù, torí obìnrin tó ń ṣe é kì í bá wọn kírun. Ta ló fẹ́ yẹ̀ mí wò? Mo máa ti ilẹ̀kùn yàrá, mo máa dá ìrun mi kí bí olè. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn obìnrin ní kéwú o, tí mo máa ń ṣàlàyé fún wọn pé ẹni tí ìtọ̀ ń dà lára rẹ̀ á tún àlùwàlá ṣe fún ìrun kọ̀ọ̀kan, á sì kírun rẹ̀, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ ńbẹ̀... ẹnu mi ò gbà á láti sọ pé èmi náà wà lára wọn.

Mo gbàgbé pé ìyá ọkọ mi ń ka ọjọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo yọ́ lọ sí ilé ìwòsàn kan lọ́nà Challenge. Nọ́ọ̀sì ní iṣan tó gbé àpò ìtọ̀ dúró ló dẹ̀ nítorí ọmọ bíbí, pé ó wọ́pọ̀, ó sì ní ìtọ́jú. Ó kọ́ mi ní exercise kan, kí n fún iṣan náà pọ̀ bí ẹni tó ń dá ìtọ̀ dúró, kí n ka márùn-ún, kí n tú u sílẹ̀, nígbà mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Ó ní kí n máa mu omi mi, pé àìmumi gan-an tún ń dá kún un. Tí kò bá yí padà lẹ́yìn oṣù mélòó kan, kí n padà wá, ìtọ́jú mìíràn ṣì wà. Inú mi dùn délé... àṣé ọkọ mi àti ìyá rẹ̀ ti jókòó dè mí. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ tí kì í dá ni, pé àìsàn ilé ọmọ ni. Irú rẹ̀ ló pa ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin. Wọ́n ti ṣe sàárà, ọkọ mi ti bá dọ́kítà sọ̀rọ̀, ọjọ́ Àlàmísì la máa jọ lọ, ó lóun máa bá mi wọlé ni.

Ṣé kí n sọ fún un ṣáájú ọjọ́ náà? Àbí kí n jẹ́ kí dọ́kítà sọ ọ́? Ṣé ó ṣì máa gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lẹ́yìn èyí? Lánàá, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ìforíkanlẹ̀, ó ń sunkún, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí Ó má gba ẹ̀mí mi, kí Ó gba tòun dípò. Ẹ̀jẹ̀ kankan ò sí o. Ẹ̀yin ará, báwo ni mo ṣe máa sọ fún ọkùnrin yìí pé ìtọ̀ lásán ni, àti pé mo mọ̀?