Àdúà Tí Wọ́n Ṣe fún Ajá Mi

Olóòtú wa, ẹ kú ètò o, sannu da aiki, bí wọ́n ṣe ń kíni kú iṣẹ́ lọ́dọ̀ wa níhìn-ín. Opó ni mí ní ìlú Zawan, mùsùlùmí sì ni mí. Ajá mi, tí èmi àti ẹ̀ nìkan jọ ń gbélé, kú lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo ké. Àwọn ìyá àsàlátù wa gbọ́, wọ́n ya wọlé, wọ́n ní ta ló kú. Ojú tì mí, mo ní ọmọ kan tí mo wò dàgbà ni. Wọ́n ṣàdúà fún un, wọ́n gbé oúnjẹ wá, mo sì jẹ ẹ́. Wọ́n ti wá ń bèèrè ọjọ́ fídáù báyìí! Kí ni kí n wí fún wọn?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi dárúkọ tiẹ̀ lórí rédíò. Jagun ni. Ìtìjú ò jẹ́ kí n pe orúkọ náà síta látìgbà tó ti kú.