Ojú Oórì Ọ̀gá Sàhá

Ẹ̀gbọ́n mi Ọládiméjì,

Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà ní Kòlùkátà? Ìyàwó yín àtàwọn ọmọ ńkọ́? Gbogbo ilé ní Agége kí yín. Ẹsẹ̀ tó ń dun Màámi ti ń fúyẹ́, wọ́n ti ń dá lọ sí mọ́ṣáláṣí.

Ọ̀rọ̀ Bàámi ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Látìgbà tí wọ́n ti gbọ́ ikú Ọ̀gá Sàhá, ará Bẹ̀ǹgálì tó rán yín lọ kàwé lọ́hùn-ún, wọn ò jẹun dáadáa mọ́. Ẹ mọ̀ pé àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ to ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tó ń ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì ní fákítìrì Ìkẹjà, kí Ọ̀gá tó padà sílé lọ ṣòṣèlú. Nígbà tí Ọ̀gá wọlé nínú ìbò, àgbò ni Bàámi pa.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Bàámi ní kí n kọ̀wé sí yín: “Kí Ọládiméjì máa ro ojú oórì Ọ̀gá. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ sùn sínú igbó.”

Ilé ìdáná ni mo sá sí lọ sunkún. Ẹ ti sọ fún mi pé iná ni wọ́n fi sun Ọ̀gá, bí àṣà ilẹ̀ wọn, tí wọ́n sì da eérú wọn sódò. Lójú Bàámi, ẹni tí wọ́n bá fi iná sun, ìyà ni wọ́n fi jẹ ẹ́. Mi ò lè sọ ọ́.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, ẹ ò ní kú sílẹ̀ àjèjì. Ẹ jọ̀ọ́, tí Bàámi bá pè, ẹ má purọ́ fún wọn. Ẹ ṣáà sọ pé ibi tí Ọ̀gá wà, koríko kì í hù níbẹ̀.

Àbúrò yín,
Munirat