Ìyá Oníná-Díẹ̀, Ẹni Tí Ife Omi Jẹ́rìí Fún

Ní ọdún 1949, nínú ilé oníyàrá méjì kan tí ó fẹ̀yìn ti ààrò ìkòkò, ni a bí ìyá wa ọ̀wọ́n, tí tẹrú tọmọ mọ̀ sí Ìyá Oníná-Díẹ̀. Amọ̀kòkò ni baba wọn, ọmọ amọ̀kòkò. Aránṣọ ni ìyá wọn. Màmá ni àkọ́bí, àwọn sì ni wọ́n ń ṣaájò iná fún baba.

Kí Màmá tó pé ọmọ ọdún méjìlá, èéfín ààrò ti fọ́ baba lójú. Ọwọ́ ni baba fi ń wá ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀. Ó dun Màmá wọra, wọ́n sì pinnu pé àwọn yóò wá ọ̀nà tí ìkòkò àti tánganran yóò fi máa le láìgba ojú ẹnikẹ́ni.

Wọ́n jáde ilé ẹ̀kọ́ girama ní 1967, wọ́n sì gboyè yunifásítì nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì ní 1972, kí wọ́n tó wọ iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìwádìí tánganran. Ní 1974 wọ́n ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú jórinjórin tí ó wá tún ilẹ̀kùn yàrá ìwádìí wọn ṣe. Oṣù mẹ́rin ni ó fi tún ilẹ̀kùn kan ṣoṣo. Ẹ̀yin náà mọ ìdí rẹ̀.

Níbi iṣẹ́ wọn, òfin kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í rú: ìyẹ̀fun tánganran gbọ́dọ̀ gbẹ kí a tó tẹ̀ ẹ́, kí a sì fi iná tí ó ju ẹgbẹ̀rún ìwọ̀n ooru lọ yan án. Lọ́jọ́ kan ní 1986, wọ́n ránṣẹ́ sí Màmá láti ilé ìwé pé ara àbígbẹ̀yìn wọn kò yá. Màmá sáré lọ, wọ́n gbàgbé ìyẹ̀fun sábẹ́ òrùlé tí ń jò. Nígbà tí wọ́n dé lọ́jọ́ kejì, ó ti rin. Ẹlòmíràn ìbá dà á nù, ṣùgbọ́n Màmá kò fẹ́ràn ìfiṣòfò. Wọ́n fi jáàkì ọkọ̀ akẹ́rù tí ọkọ wọn dè mọ́ irin tẹ̀ ẹ́, lórí iná tí kò gbóná ju áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ lọ. Ohun tí ó jáde le koko. Omi díẹ̀ ti yọ́ etí hóró ìyẹ̀fun náà, jáàkì ti so ó pọ̀, ooru kékeré sì ti lé omi náà jáde.

Ọ̀gá àgbà kò gbà. Wọ́n ní ìyẹ̀fun tí ó dì lásán ni, pé yóò yòrò bí ó bá kan omi, wọ́n sì pe ìgbìmọ̀ ní 1989 láti ti yàrá Màmá pa. Màmá mú ẹyọ kan tí kò ju bọ́tìnì lọ wá, wọ́n sọ ọ́ sínú ife omi níwájú gbogbo wọn, wọ́n sì jókòó.

Ọ̀gá ní, "Bí kò bá yòrò kí ìpàdé tó parí, èmi fúnra mi ni yóò mu omi yẹn."

Wákàtí mẹ́ta ni ìpàdé gbà, nítorí ọ̀gá fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ. Nígbà tí ó parí, omi mọ́ gaara, bọ́tìnì wà nísàlẹ̀ bí ó ti wà. Ọ̀gá gbé ife, wọ́n mu ún tán, wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ilẹ̀kùn yàrá náà mọ́. Èèyàn gidi ni wọ́n.

Lọ́jọ́ náà gan-an, Màmá mú bọ́tìnì náà lọ fún baba wọn, tí ó ti di ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Baba fọwọ́ pa á, ó gbé e sí imú, ó tún gbé e sí imú. "Kò ní òórùn èéfín," ni baba wí, ó sì sunkún. Inú àpò rẹ̀ ni bọ́tìnì náà wà títí ó fi kú ní 1993, kí ó tó padà sọ́wọ́ Màmá.

Màmá kọ́ àwọn amọ̀kòkò àdúgbò ní ohun tí wọ́n mọ̀, ẹnu wọn kì í sì í kúrò lórí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi gbá ilé àdúrà, wọ́n a sì máa pa àbẹ́là tí ó bá pọ̀ jù.

Wọ́n papò dà ní 2024, lẹ́ni ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Ọkọ wọn wà láyé, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta: nọ́ọ̀sì, awakọ̀ ojú irin, àti àbígbẹ̀yìn tí ara rẹ̀ kò yá lọ́jọ́ náà, tí ó ń ṣe àkóso yàrá ìwádìí Màmá báyìí, àti ọmọ-ọmọ méje.

Bọ́tìnì náà wà nínú ife omi lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un, ẹ gbé e sí imú.

Ẹ sùn re, Màmá. Kò sí èéfín lọ́nà yín.